Ọjọ́ tí Ọ̀sán Dòru: Ọ̀rọ̀ lórí Ìṣíjibò Oòrùn àti Òṣùpá

Bí a bá bi ìyá àgbà kan ní Ajégúnlẹ̀ pé ọdún wo ni a bí i, ó lè dáhùn pé, “Ọdún tí ọ̀sán dòru ni.” Ẹ má ṣe jẹ́ kí a fi ẹ̀rín gba ìdáhùn yìí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn àgbà wa ni a kò kọ ọjọ́ ìbí wọn sínú ìwé. Ìṣẹ̀lẹ̀ ńlá ni àwọn òbí wọn fi ṣe àmì. Nítorí náà, a ó kọ́kọ́ wo ohun tí ó ń sọ ọ̀sán di òru, lẹ́yìn náà a ó wo bí ọ̀rọ̀ ìyá yìí ṣe lè di ẹ̀rí tòótọ́.

Ayé ń yí oòrùn ká, òṣùpá sì ń yí ayé ká. Nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, oòrùn nìkan ni ó ní ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀. Nígbà tí oṣù bá fẹ́ lé, òṣùpá a wà láàrin àwa àti oòrùn. Bí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá tò sí ojú ìlà kan gan-an, òjìji òṣùpá a bọ́ sórí ayé: èyí ni ìṣíjibò oòrùn. Nígbà tí òṣùpá bá kún, ayé ni ó wà láàrin. Bí òjìji ayé bá bo òṣùpá, èyí ni ìṣíjibò òṣùpá.

Ẹnìkan lè béèrè pé, báwo ni òṣùpá kékeré ṣe lè bo oòrùn? Ẹni tí ó bá dúró létí omi ní Ìsàlẹ̀ Èkó, tí ó ń wo Àpápá lódì kejì, lè fi ìka kan bo odindi ọkọ̀ òkun tí ó gúnlẹ̀ sí èbúté. Ìka kò tóbi ju ọkọ̀ lọ. Ó súnmọ́ ojú ni. Oòrùn fẹ̀ ju òṣùpá lọ ní ìwọ̀n ìlọ́po 400, ṣùgbọ́n ó tún jìnnà sí wa jù ú lọ ní ìwọ̀n ìlọ́po 400. Ìdí nìyí tí àwọn méjèèjì fi dọ́gba lójú wa.

Kì í ṣẹlẹ̀ lóṣooṣù, nítorí ọ̀nà òṣùpá dagun sí ọ̀nà ayé ní ìwọ̀n dígírì 5. Òjìji a sì máa gba òkè tàbí ìsàlẹ̀ ayé kọjá. Òjìji òṣùpá tún tẹ́ẹ́rẹ́. Bí a bá ṣírò rẹ̀ fún gbogbo ayé, ibi kan a máa dúró tó ọdún 375 kí oòrùn tó tún ṣú níbẹ̀ pátápátá. Ti òṣùpá yàtọ̀: gbogbo ibi tí ilẹ̀ ti ṣú tí òṣùpá sì ti yọ ni a ti ń rí i. Ní ọjọ́ 7, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2025, inú òjìji ni òṣùpá ti yọ sí ilẹ̀ Èkó. A máa pupa nígbà bẹ́ẹ̀, nítorí afẹ́fẹ́ ayé ń tẹ ìmọ́lẹ̀ pupa oòrùn lọ sí ara rẹ̀, irú pupa tí a ń rí nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ ìyá wa. Ní ọjọ́ 29, oṣù karùn-ún, ọdún 1919, òjìji òṣùpá gba orí òkun kọjá ní gúúsù wa, ó sì bo erékùṣù Príncipe. Níbẹ̀ ni Arthur Eddington ti ya àwòrán àwọn ìràwọ̀ ẹ̀gbẹ́ oòrùn, láti dán ọ̀rọ̀ Albert Einstein wò pé oòrùn ń tẹ ìmọ́lẹ̀ tí ó bá kọjá lẹ́bàá rẹ̀. Ní Èkó, apá kan oòrùn ni ó bò. Ọ̀sán kò dòru. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 20, oṣù karùn-ún, ọdún 1947, òjìji mìíràn ti Brazil sọdá òkun. Ó gba Liberia, Gold Coast tí í ṣe Ghana lónìí, Tógò àti Dahomey, ó sì wọ Nàìjíríà. Ọ̀sán dòru lóòótọ́.

Nítorí náà, kí ìdílé tí ó bá fẹ́ mọ ọdún béèrè ohun méjì. Èkíní: ṣé ilẹ̀ ṣú bí alẹ́, tàbí ìmọ́lẹ̀ kàn rẹ̀ sílẹ̀? Èkejì: ṣé ọkọ̀ òkun ti ń gúnlẹ̀ sí èbúté Àpápá nígbà náà? Ní 1921 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí èbúté náà, ó sì parí ní 1926. Ẹni tí ó bá rántí èbúté náà kò lè máa sọ̀rọ̀ ọdún 1919. Ikán lè jẹ ìwé, iná sì lè jó o. Ìrìn oòrùn àti òṣùpá kò yẹ̀. Nílẹ̀ tí a ti ń fi ipò ẹ̀gbọ́n àti àbúrò yanjú ọ̀ràn ogún, ìmọ̀ yìí kì í ṣe ohun kékeré.

Àìmọ̀ sì ní ewu tirẹ̀. Àwọn Batammaliba ní àríwá Tógò àti Benin gbà pé oòrùn àti òṣùpá ń jà ni. Wọ́n a sì lo àkókò náà láti parí ìjà àárín ara wọn. Èyí dára. Ṣùgbọ́n ní oṣù kìíní ọdún 2001, nígbà tí òjìji bo òṣùpá, àwọn ọ̀dọ́ kan ní Maiduguri sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ àwọn ẹlòmíràn ni ó fà á, wọ́n sì dáná sun ilé ọtí. Òjìji tí ó kọjá láàárín wákàtí díẹ̀ fi eérú sílẹ̀ lórí ilẹ̀.

Ní ọjọ́ 20, oṣù kẹta, ọdún 2034, òjìji òṣùpá yóò tún la Nàìjíríà kọjá. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ojú lásán wo oòrùn, nítorí ó lè fọ́ ojú láìdunni. Kí a lu ihò kékeré sára páálí, kí a kọ ẹ̀yìn sí oòrùn, kí a sì jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ gba ihò náà bọ́ sórí ìwé funfun. Níbẹ̀ ni a ó ti rí i bí ó ṣe ń dín kù. Lẹ́yìn náà, kí a kọ orúkọ àwọn ọmọ tí a bá bí lọ́jọ́ náà sílẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ àti ọdún. Ọ̀sán tí ó dòru ti ṣe akọ̀wé fún àwọn ìyá wa. Kí àwa má ṣe fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún un mọ́.