Rírí Yàtọ̀ sí Ṣíṣí: Ìtàn Kúkúrú nípa Fáìlì Alájọlò

Ní sáà tó kọjá, a kọ orúkọ àwọn ọmọ kíláàsì wa tó jẹ owó ẹgbẹ́ sínú fáìlì kan lórí Google Drive. A ṣí i sílẹ̀ fún gbogbo ilé ẹ̀kọ́, a sì fi líǹkì rẹ̀ ránṣẹ́ sí akápò àti akọ̀wé nìkan. A rò pé ó parí síbẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ọ̀rẹ́ wa kan tẹ orúkọ ara rẹ̀ síbi tí wọ́n ti ń wá nǹkan nínú Drive, gbèsè rẹ̀ ló yọ sí i. Ojú tì í, ojú ti àwa náà. Ìyẹn ló mú wa tọpasẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1961, Fernando Corbató àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní MIT, ní Amẹ́ríkà, ṣàfihàn CTSS, ètò tó jẹ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn jọ lo kọ̀ǹpútà kan lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí pé ojú kan náà ni fáìlì gbogbo wọn wà, oníkálukú ní ọ̀rọ̀ aṣínà tirẹ̀. Síbẹ̀, àṣírí tú lọ́jọ́ kan. Òṣìṣẹ́ méjì ń tún fáìlì méjì ṣe lẹ́ẹ̀kan náà: ọ̀kan jẹ́ ìkéde ojúmọ́, èkejì jẹ́ ọ̀rọ̀ aṣínà gbogbo èèyàn. Fáìlì méjèèjì gba ipò ara wọn, ẹnikẹ́ni tó bá wọlé sì ń ka ọ̀rọ̀ aṣínà ẹlòmíràn.

Multics tó tẹ̀lé e fún fáìlì kọ̀ọ̀kan ní àkọsílẹ̀ àwọn tó lè kà á tàbí tún un kọ. Unix, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Bell Labs lọ́dún 1969, wá ya nǹkan méjì sọ́tọ̀. Ẹni tó ni fódà lè jẹ́ kí o ṣí fáìlì tí o bá ti mọ orúkọ rẹ̀, kó má sì jẹ́ kí o rí orúkọ ohun tó wà nínú fódà náà. Rírí yàtọ̀ sí ṣíṣí.

Google Drive dé ní oṣù Kẹrin ọdún 2012. Lórí àkáǹtì iléeṣẹ́ tàbí ti ilé ẹ̀kọ́, ìbéèrè méjì yẹn ṣì wà níbẹ̀: ta ló lè ṣí i? Ṣé ó di dandan kó ní líǹkì, àbí fáìlì náà lè yọ sí i bó bá ń wá nǹkan? Ìbéèrè kejì ni a kò dáhùn.

Àwọn baba wa máa ń fi ààlè sórí igi ìdáná tí wọ́n tò sẹ́bàá ọ̀nà. Gbogbo ayé ń rí igi náà, kò sì pa olówó rẹ̀ lára, bí wọn kò bá ṣá ti gbé e. Ṣùgbọ́n gbèsè ẹni kì í ṣe igi ìdáná. Rírí tí wọ́n rí i gan-an ni ìpalára.

Ní báyìí, èèyàn méjì péré ni fáìlì náà ṣí fún. A sì ti bẹ ọ̀rẹ́ wa.