Òdodo Àwòrán: Òṣùwọ̀n Ẹ̀rọ Amóhùnmáwòrán ní Agbègbè Ìkìrun, Ìnísà, Òkukù àti Ìgbàyè láti 1959

1.0 Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Ìgbàgbọ́ tí ó wà nínú òwe yìí ni ó fún ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán ní iyì láwùjọ láti ìgbà tí ó ti dé. Ohun tí ojú bá rí lórí rẹ̀ ni àwọn ènìyàn ń gbà bí ẹni pé wọ́n wà níbẹ̀ nígbà tí ó ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń wo ẹ̀rọ kò sí níbẹ̀. Láàárín ojú rẹ̀ àti ìṣẹ̀lẹ̀ náà ni kámẹ́rà wà, téèpù wà, òpó tí ó ń fọ́n àwòrán sáfẹ́fẹ́ wà, iná mànàmáná wà, ẹ̀rọ tí ó ń wò sì wà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú wọn ni ó lè yí àwòrán padà kí ó tó dé ojú.

Iṣẹ́ yìí dá lé bí òṣùwọ̀n àwòrán tí ó dára ṣe ń yí padà láti 1959, pẹ̀lú àfojúsùn sí àwọn ìlú tí ó wà ní àríwá Òṣogbo: Ìkìrun, Ìnísà, Òkukù àti Ìgbàyè. Àbá tí ó gbé kalẹ̀ ni pé òṣùwọ̀n mẹ́rin ni ó ti jẹ tẹ̀lé ara wọn. Àkọ́kọ́, ṣé àwòrán hàn? Èkejì, ṣé ó mọ́? Ẹ̀kẹta, ṣé ó ní àwọ̀? Ẹ̀kẹrin, ṣé ó ń dán? Kò sí ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí ó béèrè ohun tí ó jẹ òpìtàn lógún jù lọ, èyí ni pé, ṣé àwòrán náà ṣòdodo sí ohun tí kámẹ́rà rí? Bí ẹ̀rọ ṣe ń gbówó lórí sí i ni ìbéèrè yìí ń di pàtàkì sí i, nítorí pé ẹ̀rọ olówó ńlá ti òde òní ní agbára láti ṣe àfikún sí àwòrán ju èyíkéyìí tí ó ti wà ṣáájú rẹ̀ lọ.

2.0 Híhàn àti Mímọ́: Àkókò Dúdú àti Funfun

Ní ọjọ́ 31 oṣù Ọ̀wàrà 1959 ni ilé-iṣẹ́ WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn, lábẹ́ ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí rẹ̀. Orúkọ tí ilé-iṣẹ́ náà fi ṣògo ni pé òun ni àkọ́kọ́ ní Áfíríkà. Ọ̀rọ̀ yìí gba àtúnyẹ̀wò, nítorí pé ilé-iṣẹ́ kan ti gbé àwòrán jáde ní Casablanca ní Mòrókò ní 1954. Síbẹ̀, ìṣògo náà fi hàn pé iyì ni a kọ́kọ́ fi díwọ̀n ẹ̀rọ yìí. Wíwà rẹ̀ ni a kọ́kọ́ yìn, kí ẹnikẹ́ni tó wo bí ohun tí ó ń gbé wá ṣe rí.

Ní ti àwọn ìlú tí iṣẹ́ yìí ń mẹ́nu bà, ọ̀nà jíjìn ni ìṣòro àkọ́kọ́. Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù wà lójú ọ̀nà tí ó ti Òṣogbo lọ sí Ọ̀fà. Òkukù ni olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Odò-Ọ̀tìn, níbi tí Ìgbàyè náà wà. Bí ẹyẹ bá fò láti Ìbàdàn dé Òkukù, yóò fò ju ọgọ́rùn-ún kìlómítà lọ. Ìgbì tí ó ń gbé àwòrán kì í fi bẹ́ẹ̀ tẹ̀ yí òkè ká. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa lọ tààrà bí ìmọ́lẹ̀, ayé tí ó sì rí kìrìbìtì a máa bò ó mọ́lẹ̀ nígbà tí ọ̀nà bá jìn. Nítorí náà, àwọn ìlú wọ̀nyí wà ní bèbè ibi tí agbára òpó Ìbàdàn lè dé. Àǹtẹ́nà gígùn lórí òpó ọparun tàbí ti irin ni ó lè gbà wọ́n.

Ipò yìí ni ó bí òṣùwọ̀n àkọ́kọ́ àti èkejì. Ẹ̀rọ tí ó dára ni èyí tí ó lè fa àwòrán jáde nínú èéfín funfun tí ó ń jó wìnnìwìnnì lójú gíláàsì. Ẹni tí ó mọ bí a ti ń yí àǹtẹ́nà sí ọ̀kánkán Ìbàdàn ṣe pàtàkì ju orúkọ ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe ẹ̀rọ lọ. Iná mànàmáná tún dá sí ọ̀rọ̀ náà: nígbà tí agbára iná bá rẹlẹ̀, àwòrán inú ẹ̀rọ onígo a máa sún kì, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ a sì di dúdú. Ìdí nìyí tí ẹ̀rọ tí ń mú iná dúró déédéé fi di ìkejì amóhùnmáwòrán nínú ọ̀pọ̀ ilé.

Ohun tí àkókò yìí fi pamọ́ ni àwọ̀. Yorùbá ka aṣọ òkè mẹ́ta sí àgbà nínú aṣọ: sányán tí ó ní àwọ̀ òwú kòkòrò, àlàárì tí ó pupa dòdò, àti ẹtù tí aró mú dúdú. Lójú ẹ̀rọ dúdú àti funfun, sányán di eérú tí ó mọ́, àlàárì àti ẹtù sì di òjìji kan náà. Ẹni tí ó wo ọba tàbí ìjòyè lórí ẹ̀rọ ní ọdún wọ̀nyẹn rí i pé ó wọ aṣọ ńlá. Kò lè sọ irú aṣọ tí ó jẹ́. Fún òpìtàn tí ó ń fi irú fíìmù bẹ́ẹ̀ ṣe ẹ̀rí, àlàfo kékeré kọ́ nìyí.

3.0 Àwọ̀ Dé

Ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán Benue-Plateau ní Jos ni ó ṣáájú ní Nàìjíríà nínú gbígbé àwòrán aláwọ̀ jáde, ní 1974. Òfin 24 ti 1977 sì kó àwọn ilé-iṣẹ́ tí ó wà nílẹ̀ pọ̀ sábẹ́ NTA, WNTV Ìbàdàn pẹ̀lú wọn. Ètò PAL, tí Walter Bruch ṣe ní ilé-iṣẹ́ Telefunken ní Jámánì ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, ni Nàìjíríà mú lò. Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò mú SECAM tí Faransé dá sílẹ̀. Àbájáde rẹ̀ ni pé ẹ̀rọ SECAM nìkan tí a bá gbé sí Àjàṣẹ́ kò lè rí àwọ̀ nínú àwòrán tí ó ti Èkó wá. Ààlà tí òyìnbó fà láàárín Yorùbá àti Yorùbá ti wọ inú àwọ̀ aṣọ.

Ẹ̀rọ aláwọ̀ ń fi ìmọ́lẹ̀ mẹ́ta ṣiṣẹ́: pupa, àwọ̀ ewé, àti àwọ̀ aró. Ó yẹ kí a fi èyí sọ́kàn nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ àgbègbè yìí, nítorí pé ìlú aró ni a mọ Òṣogbo sí. Alárò mọ ìyàtọ̀ láàárín aṣọ tí ó rì sínú ìkòkò lẹ́ẹ̀kan àti èyí tí ó rì sínú rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Ojú tí ó lè dá irú èyí mọ̀ ti wà ní agbègbè náà kí ẹ̀rọ tó dé, kò sì sí ìdí tí a kò fi ní í lo ìmọ̀ rẹ̀ láti fi yẹ ẹ̀rọ wò.

Ṣùgbọ́n ojú mìíràn ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ lò. Káàdì àyẹ̀wò tí BBC bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 1967, tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè mìíràn sì mú lò, ní àwòrán ọmọbìnrin òyìnbó kan láàárín rẹ̀. Awọ ara ọmọ náà ni a fi ń mọ̀ bóyá àwọ̀ pé. Ẹ̀rọ tí a bá fi irú káàdì yìí tún ṣe lè gbé awọ funfun jáde dáadáa, kí ó sì jẹ́ kí awọ dúdú di òjìji tí imú àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ kò yà nínú rẹ̀.

Ẹtù tún fi àléébù PAL hàn ní gbangba. Ìlà funfun tàbí àwọ̀ aró fífẹ́lẹ́ ni ó máa ń là á já, wọ́n sì sún mọ́ra pẹ́kípẹ́kí. Nínú PAL, àmì ìmọ́lẹ̀ àti àmì àwọ̀ jọ ń rìn lójú ọ̀nà kan. Bí ìlà bá tẹ́ẹ́rẹ́ jù, ẹ̀rọ á ṣì í kà sí àwọ̀, aṣọ náà á sì máa kọ mànà bí òṣùmàrè níbi tí kò sí òṣùmàrè. Ìdí nìyí tí a fi máa ń kìlọ̀ fún ẹni tí ó ń bọ̀ níwájú kámẹ́rà pé kí ó má wọ aṣọ onílà tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ̀rọ kò lè gbé aṣọ náà, aṣọ ni a sì ní kí ó yẹra.

4.0 Dídán: Ẹ̀rọ Olówó Ńlá ti Òde Òní

A dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù Ògún 1991. Ètò ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ oní-díjítà, tí Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ní Jos ní 2016, dé Òṣogbo ní 2018. Òṣogbo kò ju nǹkan bí ọgbọ̀n kìlómítà sí Òkukù. Nípa bẹ́ẹ̀, òṣùwọ̀n àkọ́kọ́ àti èkejì fẹ́rẹ̀ẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀. Àwòrán díjítà kì í ní èéfín funfun. Bí agbára rẹ̀ bá tó, ó mọ́. Bí kò bá tó, á fọ́ wẹ́wẹ́ bí àpáàdì, á sì dúró gbagidi.

Ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ olówó ńlá nísinsìnyí ni oríṣi tí ń jẹ́ 4K, tí ó ní píksẹ́ẹ̀lì, èyí ni ẹyọ ìmọ́lẹ̀ kéékèèké, 3,840 ní ìbú àti 2,160 ní òró. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 8,294,400. Àwòrán díjítà ti òṣùwọ̀n PAL àtijọ́ ní 720 ní ìbú àti 576 ní òró, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 414,720. Ìlọ́po ogún géérégé ni ìyàtọ̀ wọn. Ìtumọ̀ èyí ni pé nígbà tí a bá fi ẹ̀rọ 4K wo eré àtijọ́, nínú ogún ẹyọ ìmọ́lẹ̀ tí ó wà lójú ẹ̀rọ, mọ́kàndínlógún ni ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ fi ìṣirò dá sílẹ̀. Ohun tí olùtajà ń pè ní mímú àwòrán gbèrú kò yàtọ̀ sí kí akọ̀wé kan bá ìwé tí ikán ti jẹ, kí ó sì kọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ dí ojú ihò. Ó lè kọ ọ́ dáadáa, ṣùgbọ́n òun ni ó kọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ dúdú tún ṣe kókó. Nínú ẹ̀rọ LCD, iná wà lẹ́yìn gíláàsì, kò sì ṣeé pa tán. Nítorí náà, ẹtù á di eérú bí yàrá bá ṣókùnkùn. Nínú OLED, tí Sony kọ́kọ́ tà ní 2007 pẹ̀lú ojú tí kò ju íǹṣì 11 lọ, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni ó ń tan ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀, a sì lè pa á pátápátá. Dúdú rẹ̀ dúdú ní tòótọ́. Àléébù OLED ni pé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kì í sábà tó ti LCD tí ó dára nínú yàrá tí oòrùn wọ̀, àti pé àmì ilé-iṣẹ́ tí ó bá dúró sí igun kan fún ìgbà pípẹ́ lè fi àpá sí ojú rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni àwọn ohun èlò tí ń ṣe ọ̀ṣọ́: èyí tí ń mú àwọ̀ ràn ju bí ó ti yẹ lọ, èyí tí ń pa èéfín inú téèpù rẹ́, àti èyí tí ń dá àwòrán tuntun sáàárín àwòrán 25 tí kámẹ́rà yà nínú ìṣẹ́jú àáyá kan. Àwọn ni ó máa ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹ̀rọ bá wà ní ṣọ́ọ̀bù, pẹ̀lú òdòdó àti omi tí ń ṣàn, lábẹ́ iná tí ó mọ́lẹ̀ kedere. Olùrajà á fi ojú ṣọ́ọ̀bù yan ohun tí yóò fi ojú ilé wò. Àwọn tí ń ṣe fíìmù pàápàá fi ẹ̀hónú hàn sí àwọn ohun èlò wọ̀nyí, títí tí àwọn ilé-iṣẹ́ kan fi gbà ní 2019 láti fi ètò kan sínú ẹ̀rọ tí yóò pa gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

5.0 Òṣùwọ̀n Mẹ́ta fún Òdodo

Láti inú ìtàn yìí, òṣùwọ̀n mẹ́ta ni ó jẹ yọ tí ẹnikẹ́ni lè lò láìní irin iṣẹ́ kankan.

Èkíní ni ẹtù. Kí a wo àwòrán ẹni tí ó wọ̀ ọ́ ní alẹ́, kí iná yàrá má pọ̀. Bí aró rẹ̀ bá di eérú, ẹ̀rọ kò mọ dúdú. Bí ó bá dúdú tí ìṣẹ́po aṣọ kò sì hàn mọ́, ẹ̀rọ ti gbé e mì. Bí ìlà rẹ̀ bá ń jó tàbí tí ó ń kọ mànà, kí a wádìí bóyá téèpù ni ó ní àléébù tàbí ẹ̀rọ.

Èkejì ni ojú tí ilà wà. Pélé àti àbàjà lára awọ dúdú jẹ́ ìlà tí ìyàtọ̀ ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kéré púpọ̀. Ohun èlò tí ń pa èéfín rẹ́ kò mọ ìyàtọ̀ láàárín irú ìlà bẹ́ẹ̀ àti ìdọ̀tí téèpù, nítorí náà, ó lè nu méjèèjì nù. Ilà ojú jẹ́ ẹ̀rí ìran àti ìlú. Ẹ̀rọ tí ó bá mú ojú àgbà jọ̀lọ̀ ti pa ìtàn rẹ́.

Ẹ̀kẹta ni ohùn. Orúkọ tí Yorùbá fún ẹ̀rọ yìí fi ohùn ṣáájú àwòrán: a-mú-ohùn-mú-àwòrán. Eré Kóòtù Aṣípa tí ẹgbẹ́ Oyin Adéjọbí ti Òṣogbo ṣe fún NTA Ìbàdàn dúró lórí ẹjọ́ ríro, àti òwe àti àwàdà tí ó wà nínú rẹ̀. Àwọn òṣèré ẹgbẹ́ náà kì í ka ọ̀rọ̀ láti inú ìwé. Nígbà tí Karin Barber, tí ó ti ṣe ìwádìí oríkì ní Òkukù, àti Báyọ̀ Ògúndíjọ tẹ eré mẹ́ta wọn jáde ní 1994, láti inú ohùn tí a gbà sílẹ̀ ni wọ́n ti dà á kọ. Ohùn ni ìwé eré náà. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ olówó ńlá ṣe ń di pẹlẹbẹ, ẹ̀yìn tàbí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni a ń kọ agbóhùnjáde rẹ̀ sí, ọ̀rọ̀ a sì máa kọlu ògiri kí ó tó dé etí. Nínú èdè tí ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ ti yàtọ̀ nípa ohùn nìkan, àbùkù kékeré kọ́ ni èyí.

A lè jiyàn pé ìgbádùn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wá lójú ẹ̀rọ, pé kò sí ohun tí ó burú nínú àwòrán tí a bu ẹwà kún. Òótọ́ ni èyí fún eré bọ́ọ̀lù. Kò rí bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí ó fẹ́ wo ọdún ìbílẹ̀ tí a yà ní ogójì ọdún sẹ́yìn kí ó lè kọ ìtàn aṣọ, tàbí fún ẹbí tí ó fẹ́ rí ojú ìyá wọn bí ó ti rí gan-an.

6.0 Àsọkágbá

Ìtàn tí a yẹ̀ wò yìí fi hàn pé ní àgbègbè Ìkìrun títí dé Ìgbàyè, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ kọ́ ni ó máa ń ṣaláìlera jù nínú ọ̀nà tí àwòrán ń gbà dé ojú. Òpó tí ó jìnnà, iná tí kò dúró àti téèpù tí ó ti gbó ni ó sábà máa ń pinnu ohun tí a rí. Owó ńlá tí a fi ra ẹ̀rọ kò lè dá ohun tí téèpù kò gbà sílẹ̀ padà. Ohun tí ó lè ṣe ni láti dá òmíràn tí ó jọ ọ́ sílẹ̀.

Nítorí náà, ó tọ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ń fi àwòrán ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán ṣe ẹ̀rí pa gbogbo ohun èlò ọ̀ṣọ́ kí ó tó wò ó, kí ó sì kọ irú ẹ̀rọ tí ó lò, ètò tí ó fi wò ó àti ibi tí téèpù ti wá sílẹ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń kọ orúkọ ẹni tí ó sọ ìtàn fún un àti ọjọ́ tí ó sọ ọ́. Irú ìṣọ́ra tí a ń lò fún ìwé àtijọ́ àti ìtàn àtẹnudẹ́nu ni ó tọ́ sí àwòrán pẹ̀lú.