Òkúta Tí Ẹ Hú Jáde n'Íkòròdú: Ẹdùn Àrá Ni àbí Òkúta Típà?

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń kọ́lé n'Íkòròdú fi fọ́tò òkúta dúdú kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Àwọn tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ló hú u jáde. Ẹnìkan ti sọ fún un pé ẹdùn àrá ni, pé òun máa rà á. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n tà á?" Èèyàn ò lè fi fọ́tò kan ṣoṣo dájọ́, àmọ́ ohun tí mo ní kó yẹ̀ wò nìyí.

Ẹ kọ́kọ́ wo ilẹ̀. Láti Ìkòròdú dé Ẹ̀pẹ́, iyanrìn, amọ̀ àti yangí ló wà nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ wa. A ò ní àpáta bíi ti Abẹ́òkúta tàbí Ìdànrè. Òkúta wẹ́wẹ́ funfun tí omi ti yí lè wà nínú iyanrìn, ṣùgbọ́n òkúta líle tó kún ọwọ́, ẹnìkan ló gbé e wá. Ó lè jẹ́ àwọn ará ayé àtijọ́, ó sì lè jẹ́ típà tó ń kó òkúta kọ́lé. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ti da òkúta síbẹ̀ rí.

Lẹ́yìn náà, ẹ mọ irú òkúta tó jẹ́:

Quartz: ó funfun tàbí kó mọ́ bíi gíláàsì. Ó ń ha ìgò, ọ̀bẹ ò sì ràn án. Ní Ihò Eléérú lẹ́bàá Ìsárun, ìpínlẹ̀ Oǹdó, níbi tí Thurstan Shaw ti walẹ̀ ní 1965, irinṣẹ́ quartz kéékèèké pọ̀ níbẹ̀. Wọ́n tún rí egungun ẹni tó ti kú láti nǹkan bí ọdún 13,000 sẹ́yìn.

Chert àti chalcedony: ara wọn ń jọ̀lọ̀ bí àbẹ́là, ẹ ò sì ní rí hóró kankan nínú wọn. Tí wọ́n bá fọ́, wọ́n á mú bí ìdí ìgò.

Basalt àti dolerite: wọ́n dúdú, wọ́n sì wúwo. Irú òkúta báyìí ni wọ́n fi ń ṣe àáké. Wọ́n á pọ́n ọn lára òkúta mìíràn títí ẹnu rẹ̀ á fi dán.

Gíránáìtì: hóró funfun, dúdú àti aláwọ̀ eérú ló dà pọ̀ nínú rẹ̀. Ó dáa fún ọlọ, kò dáa fún ọ̀bẹ.

Yangí: ó ń rún. Kò lè mú láéláé.

Báwo lẹ ṣe máa mọ iṣẹ́ ọwọ́? Lára òkúta tí wọ́n là, ẹ máa rí ojú ibi tí wọ́n ti lù ú, ibi tó wú díẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, àti ìlà tó tàn bí ìgbà tí òkò bọ́ sómi. Ojú ẹyọ kan ò tó, ẹ̀rọ náà lè ṣe ìyẹn. Ti àáké, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì á dà sí ẹnu kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọ̀bẹ ha ohun tẹ́ ẹ rí o, ẹ ò fẹ́ bà á jẹ́.

Àwọn àáké yìí gan-an làwọn baba wa ń pè ní ẹdùn àrá, tí wọ́n ń gbé sójúbọ Ṣàngó. Àwọn tó ń walẹ̀ ní èèyàn ló pọ́n ọn, kí irin tó dé.

Ti owó wá ńkọ́? Òfin National Commission for Museums and Monuments ti 1979 ò gbà kí ẹnikẹ́ni kàn máa ra ohun ìṣẹ̀ǹbáyé láìjẹ́ pé ìjọba fọwọ́ sí i, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ gbé e jáde nílùú láìgbàṣẹ. Ẹ ya fọ́tò ibi tẹ́ ẹ ti rí i, ẹ wọn bó ṣe jìn tó, ẹ má fọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ wá gbé e lọ sí mùsíọ́ọ̀mù Oníkan. Òkúta tó ti kúrò níbùsùn rẹ̀ láìsí àkọsílẹ̀ ò lè sọ ìtàn mọ́.

Lálẹ́, ọmọkùnrin náà dá mi lóhùn. Típà ò tíì wọ ilẹ̀ náà rí, ẹnu òkúta náà sì ń dán. Kò tíì tà á.