Ọ̀rá Ìdáàbòbò Ọ̀dà Ọkọ̀

Ọ̀rá tó mọ́ gaara ni, tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kí òkúta wẹẹrẹ tàbí imí ẹyẹ má baà ba ọ̀dà rẹ̀ jẹ́. Kì í ṣe tíńtì o. Gíláàsì ni tíńtì wà fún. Ìgbà ogun Vietnam ló ti bẹ̀rẹ̀: iyanrìn ń jẹ abẹ̀bẹ̀ hẹlikọ́pítà àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ 3M sì ṣe ọ̀rá tí wọ́n fi ń bò ó.

Polyurethane ni wọ́n fi ń ṣe èyí tó wọ́pọ̀ lónìí. Ó ń nà bíi rọ́bà, nínípọn rẹ̀ kò sì ju nǹkan bí 0.2 mìlímítà lọ. Èyí tó dára nínú rẹ̀ ń wo ara rẹ̀ sàn: bí kànìnkànìn bá ha á lára, tí oòrùn tàbí omi gbígbóná bá kàn án, ojú ibẹ̀ á tún jọ̀lọ̀. Bí nǹkan bá gé e wọnú, ìyẹn kò ní jinná.

Iṣẹ́ sùúrù ni lílẹ̀ rẹ̀. Wọ́n á fọ ọkọ̀ mọ́ tónítóní, wọ́n á fín omi ọṣẹ sí i kí ọ̀rá náà lè máa yọ̀ títí yóò fi jókòó síbi tó yẹ, wọ́n á wá fi rọ́bà pẹlẹbẹ ti omi jáde láti àárín sí etí. Hóró eruku kan ṣoṣo tó bá kù sábẹ́ rẹ̀ á yọ gànnàkù bí eéwo.

Ọkọ̀ tí wọ́n tún kùn láìkùn ún dáadáa kò yẹ fún un: lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣí ọ̀rá náà kúrò, ọ̀dà lè bá a lọ.