Ẹ̀sùn Kọ́múnístì Tí A Kà sí Ìyáàfin Ransome-Kuti Lọ́rùn

Ẹ̀yin ará Ọ̀wọ̀ àti agbègbè Ọ̀sẹ́, ọ̀ràn ìṣèlú kì í ṣe àjèjì sí wa. Ní Ọ̀wọ̀ ni a gbé ṣí ẹgbẹ́ Action Group ní gbangba ní ọjọ́ 28 oṣù April 1951, a sì mọ bí àwọn olóṣèlú ti í sọ ara wọn ní orúkọ. Ọ̀kan nínú irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ni a fẹ́ yẹ̀ wò, nítorí pé ó ti di etí ọ̀pọ̀ ènìyàn sí ẹjọ́ àwọn tí ń bèèrè ẹ̀tọ́: èyíinì ni Kọ́múnístì.

Kọ́múnístì ni àwọn tí ó fẹ́ kí ilẹ̀ àti ilé iṣẹ́ gbogbo di ti ìlú lápapọ̀. Ìjọba wọn ní Rọ́ṣíà ti ilẹ̀kùn ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì dá àwọn àlùfáà lóró. Nítorí náà orúkọ yìí burú létí onígbàgbọ́. Ẹni tí a bá pè bẹ́ẹ̀, a kì í sábà dúró gbọ́ ohun tí ó ń wí.

Láti 1918 ni àwọn obìnrin Ẹ̀gbá ti ń san owó orí tiwọn lọ́tọ̀, láìní ohùn nínú bí a ti ń ná an. Ní 1947 Ìyáàfin Funmilayo Ransome-Kuti, aya àlùfáà, kó àwọn obìnrin ọjà lẹ́yìn lọ sí ààfin láti kọ̀ ọ́. Ní January 1949 Aláké Adémọ́lá Kejì fi orí oyè sílẹ̀, bí ó tilẹ̀ tún padà ní 1950.

Ní 1947 kan náà Ìyáàfin yìí bá ikọ̀ NCNC lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Òun nìkan ni obìnrin nínú wọn. Níbẹ̀ ni ó gbé kọ̀wé nípa ipò àwọn obìnrin Nàìjíríà sínú Daily Worker, ìwé ìròyìn àwọn Kọ́múnístì. Lẹ́yìn náà ó bẹ Rọ́ṣíà àti Ṣáínà wò. A kò gbọdọ̀ fi èyí pamọ́. Ṣùgbọ́n òun tìkára rẹ̀ sọ pé òun kì í ṣe Kọ́múnístì. Síbẹ̀, ní 1957, ìjọba kọ̀ láti sọ ìwé ìrìnnà rẹ̀ di ọ̀tun. Alhaji Abubakar Tafawa Balewa, Olórí Ìjọba, ní ó fẹ́ fi èrò Kọ́múnístì kọ́ àwọn obìnrin wa. Ní 1958 Amẹ́ríkà pẹ̀lú kò jẹ́ kí ó wọ ilẹ̀ wọn.

Ẹ jẹ́ kí a ka ọdún. Owó orí náà ti wà fún ọdún 29 kí àwọn obìnrin tó dìde ní 1947, nígbà tí Ìyáàfin yìí kò ì tí ì fi ẹsẹ̀ tẹ Rọ́ṣíà. Ta ni ó wá kọ́ ìyá aláta pé ẹrù tí ó wà lórí òun wúwo? Àwọn àgbà wa ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó rí ní Amẹ́ríkà. Martin Luther King, oníwàásù ìjọ Onítẹ̀bọmi, ń bèèrè pé kí a jẹ́ kí ènìyàn dúdú dìbò. Àwọn olóṣèlú kan ní àwọn Kọ́múnístì ni ó ń darí rẹ̀. Ní October 1963 ìjọba fi àṣẹ sí i kí a máa tẹ́tí sí tẹlifóònù rẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀. Ní 1983, ọdún 15 lẹ́yìn ikú rẹ̀, Jesse Helms tún ka ẹ̀sùn yìí sí i lọ́rùn ní Ilé Ìgbìmọ̀ Àgbà, kí a má baà ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ fún ìrántí rẹ̀. Síbẹ̀ a ya ọjọ́ náà sọ́tọ̀.

Nígbà tí a bá tún gbọ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí a bèèrè ohun méjì: kí ni ẹni náà ń fẹ́, a ha sì ti dá a lóhùn bí? Òfin tí ó kọ ẹ̀rí èké kò yọ olóṣèlú sílẹ̀, kò sì yọ àwa tí a ń gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kiri sílẹ̀.