Áísìkiriìmù Láìtì: Oúnjẹ àti Èròjà Àfikún Inú Rẹ̀

Áísìkiriìmù láìtì ni áísìkiriìmù inú ike tàbí páálí tí iléeṣẹ́ ti dín ọ̀rá tàbí kálórì rẹ̀ kù. Lára ọjà tó bá ti Faransé wá, «allégé» ni wọ́n máa ń kọ. Orúkọ ìfiwéra ni orúkọ náà: kò sọ pé ọ̀rá tàbí ṣúgà inú rẹ̀ kéré, ohun tó sọ ni pé ó kéré sí ti irú rẹ̀ mìíràn.

Ní Libreville, olú-ìlú Gàbọ̀n, fírísà súpámákẹ́ẹ̀tì ni àwọn ará àdúgbò olówó bíi Batterie IV ti ń bá áísìkiriìmù inú ike pàdé. Òkèèrè ni èyí tó pọ̀ jù nínú oúnjẹ orílẹ̀-èdè náà ti ń wọlé, Faransé sì wà lára àwọn tó ń kó o wá jù. Nítorí náà, òfin Yúróòpù ló máa ń pinnu ohun tó wà lára ike kí ọjà tó kan Gàbọ̀n, níbi tí AGASA, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ààbò oúnjẹ, wà. Yorùbá láti Nàìjíríà tí ojú rẹ̀ ti mọ́ nọ́ńbà NAFDAC, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn lọ́hùn-ún, yóò rí oríṣi nọ́ńbà mìíràn lára ike náà, èyí tí lẹ́tà E ṣáájú rẹ̀. Nọ́ńbà NAFDAC ń fi hàn pé wọ́n ti forúkọ ọjà sílẹ̀. Nọ́ńbà E ń sọ irú èròjà àfikún tó wà nínú rẹ̀.

Ohun tí òfin sọ

Òfin Yúróòpù 1924/2006 sọ pé ẹni tó bá fẹ́ kọ «allégé» tàbí «light» gbọ́dọ̀ ti dín ohun tó ń fi yangàn kù ní ìdá 30 nínú 100, ó kéré tán, kó sì sọ ohun tó dín kù gan-an. Ọ̀tọ̀ ni kí wọ́n kọ ọ́ pé ọ̀rá rẹ̀ kéré: ìyẹn kò gbọdọ̀ ju gíráàmù 3 lọ nínú gíráàmù 100. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí áísìkiriìmù gbọ́dọ̀ ti ní ọ̀rá wàrà tó ìdá 10 nínú 100, láìtì ni èyí tí wọ́n yọ ìdajì ọ̀rá rẹ̀ tàbí ìdá kan nínú mẹ́ta kálórì rẹ̀.

Oúnjẹ inú rẹ̀

Nínú àkójọ ìṣirò oúnjẹ tí Ẹ̀ka Iṣẹ́ Àgbẹ̀ Amẹ́ríkà ṣe, gíráàmù 100 áísìkiriìmù fànílà gidi ní nǹkan bíi kálórì 207, ọ̀rá gíráàmù 11, ṣúgà gíráàmù 21 àti purotéènì gíráàmù 3.5. Láìtì ní kálórì 180, ọ̀rá gíráàmù 4.8, ṣúgà gíráàmù 22 àti purotéènì gíráàmù 4.8. Ọ̀rá ti já wálẹ̀ kọjá ìdajì, ṣùgbọ́n ṣúgà kò kúrò níbi tó wà. Ó tilẹ̀ fi díẹ̀ lé e. Kálórì 27 péré ni gbogbo làálàá náà yọ kúrò. Ìdí rẹ̀ ni pé bí wọ́n bá kó ọ̀rá jáde, nǹkan gbọ́dọ̀ dí àyè rẹ̀, ṣúgà, maltodextrin àti wàrà ìyẹ̀fun tí kò lọ́ràá ni wọ́n sì sábà máa ń fi dí i.

Wàrà ìyẹ̀fun yìí ló jẹ́ kí purotéènì àti kálísíọ́mù pọ̀ díẹ̀ sí i. Òun náà ló lè mú kí láátóòsì, ṣúgà inú wàrà, pọ̀ sí i, ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ní Ìwọ̀-Oòrùn àti Àárín Gbùngbùn Áfíríkà ni inú wọn kì í sì í gba láátóòsì dáadáa. Ẹni tí áísìkiriìmù gidi ń kùn nínú kò gbọdọ̀ rò pé láìtì ni oògùn rẹ̀.

Ẹ wo afẹ́fẹ́ náà. Lítà ni wọ́n fi ń ta áísìkiriìmù, bẹ́ẹ̀ lítà kan lè má wúwo ju ìdajì kílò lọ, torí iléeṣẹ́ ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀ bó ṣe ń dì. Èyí tí afẹ́fẹ́ bá pọ̀ nínú rẹ̀ yóò dà bí ẹni pé kálórì rẹ̀ kéré bí wọ́n bá fi mílílítà 100 ṣírò rẹ̀. Gíráàmù 100 ni kí ẹ fi wé gíráàmù 100.

Èròjà àfikún

Iṣẹ́ tí ọ̀rá ń ṣe nínú áísìkiriìmù ju adùn lọ. Ó ń di afẹ́fẹ́ mú, ó ń bo ahọ́n, kì í sì í jẹ́ kí omi rí àyè dì gbàgìdì. Bí ó bá dín kù, yìnyín inú rẹ̀ á ki, á máa rí bí iyanrìn lẹ́nu. Gọ́ọ̀mù guar (E412), gọ́ọ̀mù èso carob (E410), carrageenan tí wọ́n ń yọ lára koríko òkun pupa (E407) àti gọ́ọ̀mù cellulose (E466) ló ń ki omi pọ̀ kí ìyẹn má ṣẹlẹ̀. E471 àti polysorbate 80 (E433) ń tún bí ọ̀rá àti omi ṣe wà pọ̀ ṣe, kí afẹ́fẹ́ lè dúró. Iṣẹ́ gọ́ọ̀mù máa ń hàn jù ní ìlú bíi Libreville tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jókòó lórí ilà agbedeméjì ayé: ní gbogbo ìgbà tí áísìkiriìmù bá yọ́ díẹ̀ láàárín ṣọ́ọ̀bù àti ilé tó sì tún dì, ńṣe ni yìnyín inú rẹ̀ ń tóbi sí i.

Unilever gba ọ̀nà mìíràn. Purotéènì tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ẹja òkun tútù kan dì ni wọ́n fi ìwúkàrà ṣe, láti fi dá yìnyín lẹ́kun. Yúróòpù fọwọ́ sí i ní 2009.

Ní ti adùn, erythritol (E968), stevia (E960) àti sucralose (E955) ló wọ́pọ̀ nínú àwọn tí ṣúgà wọn kéré. Ọjà tí irú erythritol bá ju ìdá 10 nínú 100 lọ nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ kìlọ̀ ní Yúróòpù pé àjẹjù rẹ̀ lè mú kí ènìyàn ṣu gbuuru.

Ní 2021, wọ́n rí ethylene oxide, gáàsì tí wọn kò gbà láàyè lórí oúnjẹ ní Yúróòpù, nínú E410 kan, ọ̀pọ̀ áísìkiriìmù ni wọ́n sì kó kúrò lọ́jà. Èròjà náà kọ́ ló jẹ̀bi. Bí wọ́n ṣe tọ́jú rẹ̀ ni.

Àríyànjiyàn lórí ìfun

Ní 2015, Benoit Chassaing àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Nature pé polysorbate 80 àti E466 da kòkòrò àìfojúrí inú ìfun àwọn eku rú, ìfun wọn sì wú. Eku kì í ṣe ènìyàn. Nígbà tí wọ́n fún àwọn ènìyàn tí ara wọn le ní E466 ní ìwádìí tó jáde ní 2022, kòkòrò inú ìfun wọn yí padà, ṣùgbọ́n gíráàmù 15 lójúmọ́ ni wọ́n fún wọn, ìwọ̀n tí ife áísìkiriìmù kan kò lè súnmọ́, iye ènìyàn náà kò sì tó 20. Àwọn àjọ tó ń ṣòfin oúnjẹ ṣì gba èròjà méjèèjì láàyè. Ó ṣeé ṣe kí ewu wà fún ẹni tí ìfun rẹ̀ ti ń ṣàìsàn tẹ́lẹ̀. Ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ kò tíì tó láti sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìtàn

Orúkọ mìíràn ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń pe irú áísìkiriìmù tí ọ̀rá rẹ̀ dín kù yìí tẹ́lẹ̀, ice milk, títí ìjọba fi pa òfin orúkọ yẹn rẹ́ ní 1994. Ní 2012, agbẹjọ́rò Justin Woolverton gbé Halo Top jáde ní Los Angeles, ó sì wá kọ kálórì gbogbo ike gàdàgbà síwájú rẹ̀. Ọjà náà gbà dé ibi pé àwọn iléeṣẹ́ ńlá sáré ṣe tiwọn. Ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tiwa, FanIce orí kẹ̀kẹ́ ni ọ̀pọ̀ fi mọ áísìkiriìmù. Iléeṣẹ́ Fan Milk tó ń ṣe é bẹ̀rẹ̀ ní Gánà ní 1960.

Ẹni tó bá ní àtọ̀gbẹ ní Libreville, kó wo ìlà «glucides» àti «dont sucres» lẹ́yìn ike kó tó ka «allégé» tó wà níwájú rẹ̀ sí.