Bí Ẹ Ṣe Lè Tètè Rí Ilé Yá ní Èkó Láìbọ́ Sọ́wọ́ Oníjìbìtì

Ẹni tí iṣẹ́ gbé wá sí Ìpínlẹ̀ Èkó láti Ìbàdàn, Àkúrẹ́ tàbí Ìlọrin kì í sábà ní ju ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta lọ láti fi wá ilé. Iṣẹ́ ti ní ọjọ́ tí yóò bẹ̀rẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ti fẹ́ wọlé, ẹni tó sì gbà á sílé fún ìgbà díẹ̀ ti ń wo ojú rẹ̀. Ìkánjú yìí gan-an ni àwọn oníjìbìtì ń wá kiri. Wọn yóò yá ilé kan fún ọjọ́ mélòó kan, tàbí kí wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ ilé tó ṣófo lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Lẹ́yìn náà, wọn yóò gba owó ọdún kan lọ́wọ́ ènìyàn mẹ́fà tàbí méje lórí yàrá kan ṣoṣo. Ọjọ́ tí gbogbo wọn bá kó ẹrù dé ni àṣírí ń tú, nọ́ńbà fóònù ẹni tó gbowó kò sì ní lọ mọ́.

Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí ẹni tó ń kánjú ṣe ni kí ó wá ibi tí yóò dé sí ná. Ó lè jẹ́ ọ̀dọ̀ ẹbí, ilé tí a ń san owó rẹ̀ lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, tàbí yàrá tí òun àti ẹlòmíràn yóò jọ máa gbé. Owó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní irú ibẹ̀ lè dun ènìyàn, ṣùgbọ́n kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ilé ọdún kan tó bá oníjìbìtì lọ. Ẹ béèrè níbi iṣẹ́ yín pẹ̀lú, nítorí àwọn ilé-iṣẹ́ kan ní ibùgbé fún òṣìṣẹ́ tuntun tí wọn kì í polongo.

Àdúgbò ṣáájú ilé

Ní Èkó, wákàtí tí ènìyàn ń lò lójú ọ̀nà ni a fi ń mọ bí ilé ṣe jìnnà tó, kì í ṣe máìlì. Ẹni tí ibi iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Marina lè wo agbègbè Mile 2, Suru-Alaba àti Orílé Ìgànmú, nítorí ọkọ̀ ojú irin Blue Line ti ń gba ibẹ̀ kọjá láti ọdún 2023. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà, Oshòdì tàbí Yábàá lè wo apá Agbádó, Ìjù àti Agége, níbi tí Red Line ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní ọdún 2024. Owó ilé ní apá ibẹ̀ kéré púpọ̀ sí ti Yábàá. Ẹ lọ sí àdúgbò náà ní aago mẹ́fà òwúrọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ kí ẹ fi ojú ara yín rí bí èrò ṣe ń wọ ọkọ̀.

Ẹ tún lọ lẹ́yìn tí òjò ńlá bá rọ̀. Àwọn àdúgbò tó wà létí Odò Ògùn, bíi Ìṣẹri, Agbóyì àti apá kan Kétu, máa ń rí omíyalé, pàápàá ní oṣù Kẹsàn-án àti Kẹwàá tí wọ́n bá ń tú omi sílẹ̀ láti ìsédò Ọ̀yán. Onílé kò ní sọ èyí fún yín. Ẹ wo ìsàlẹ̀ ògiri dáadáa: ibi tí omi bá dé máa ń fi àmì sílẹ̀, ọ̀dà tuntun tí wọ́n sì kùn sí ìsàlẹ̀ ògiri nìkan tó ohun tí ènìyàn ń béèrè ìdí rẹ̀.

Ohun tó ń jẹ́ kí ilé tètè bọ́ sí ènìyàn lọ́wọ́ ni ìmúrasílẹ̀. Nígbà tí ènìyàn mẹ́ta bá ń wá ilé kan náà, ẹni tí ìwé rẹ̀ pé ni onílé sábà máa ń mú. Ẹ ní ìwé ìgbanisíṣẹ́, káàdì ìdánimọ̀, fọ́tò àti orúkọ onígbọ̀wọ́ méjì lọ́wọ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í wo ilé.

Alágbàtà àti owó

Iṣẹ́ alágbàtà ilé lábẹ́ òfin wà lójú àjọ ìjọba ìpínlẹ̀ tí a mọ̀ sí LASRERA, tó ní àkọsílẹ̀ àwọn tó forúkọ sílẹ̀. Ẹ béèrè nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ alágbàtà yín, kí ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọ̀ àjọ náà. Ìjọba ti kéde pé kọmíṣọ̀ọ́n kò gbọdọ̀ ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó ilé ọdún kan lọ. Bí owó ilé bá jẹ́ ₦800,000, kọmíṣọ̀ọ́n kò gbọdọ̀ kọjá ₦80,000. Ẹ ní kí wọ́n kọ gbogbo owó tí ẹ ó san sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí kan owó àgírímẹ́ǹtì àti owó ìdúró fún ohun tó bá bàjẹ́, kí ẹ tó gbà láti mú ilé.

Ẹ má san owó ilé tí ẹ kò tíì wọ inú rẹ̀ wò, bó ti wù kí àwòrán rẹ̀ dára tó lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ rí onílé fúnra rẹ̀, tàbí ẹni tí onílé fi ìwé yàn. Ẹ ní kí wọ́n fi ìwé owó Land Use Charge ti ilé náà tàbí ìwé owó iná hàn yín, kí ẹ sì wò ó bóyá orúkọ tó wà níbẹ̀ bá orúkọ tó wà lórí àkáǹtì tí wọ́n ní kí ẹ sanwó sí mu. Àwọn ayálégbé tó wà nínú ọgbà àti ìyá tó ń tajà lẹ́nu ọ̀nà mọ onílé ju alágbàtà lọ, ẹ bi wọ́n. Ẹ bi wọ́n pẹ̀lú nípa mítà iná, kí gbèsè ẹni tó kó jáde má bàa di tiyín. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé ẹlòmíràn ń bọ̀ wá san owó ní alẹ́ òní, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn náà san án.

Ohun tí òfin sọ

Òfin Ilé Yíyá ti Ìpínlẹ̀ Èkó, ọdún 2011, sọ pé kò bófin mu kí onílé gba owó tó ju ti ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Àwọn kan tó ń kánjú máa ń fi owó ọdún méjì lọ onílé kí wọ́n lè rí ilé gbà. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé ẹni tó gbà á àti ẹni tó san án ni òfin mú: owó ìtanràn ₦100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta ni. Òfin yìí kò kan Apápá, Ìkẹjà GRA, Ìkòyí àti Victoria Island.

Onílé gbọ́dọ̀ fún yín ní rìsíìtì tó ní ọjọ́ tí ẹ sanwó, orúkọ yín àti tirẹ̀, àdírẹ́sì ilé náà, iye owó àti àkókò tí owó náà wà fún. Ẹ ka ìwé àdéhùn kí ẹ tó fọwọ́ sí i, ní pàtàkì ibi tó sọ̀rọ̀ nípa ìkìlọ̀ láti kó jáde. Bí ìwé náà kò bá sọ ohunkóhun, òfin fún ẹni tó ń sanwó lọ́dọọdún ní ìkìlọ̀ oṣù mẹ́fà, ẹni tó ń san lóṣooṣù sì ní oṣù kan. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti fọwọ́ sí ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀sẹ̀ méjì náà ni wọn yóò fi mú yín. Onílé kò sì lè ká òrùlé tàbí fi ipá lé yín jáde láìsí àṣẹ ilé-ẹjọ́.

Bí èdèkòyédè bá wà láàárín onílé àti ayálégbé, Citizens' Mediation Centre ti ìjọba ìpínlẹ̀ máa ń làjà láìgba kọ́bọ̀. Ẹjọ́ alágbàtà jẹ́ ti LASRERA. Bó bá jẹ́ jìbìtì, ẹ pe báǹkì yín ní wákàtí tí ẹ fura gan-an, kí wọ́n lè gbìyànjú láti dá owó náà dúró nínú àkáǹtì tó wọ̀, kí ẹ tó gba àgọ́ ọlọ́pàá lọ. Ẹ mú ẹ̀rí owó tí ẹ fi ránṣẹ́, rìsíìtì, ìwé àdéhùn, nọ́ńbà fóònù àti gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ dání. Ẹ má ṣe pa ọ̀kankan rẹ́ nínú wọn.